Christian Chukwu: Odi Tí Ìbàdàn Kò Lè Là Kọjá

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù má tíì dìde, nítorí ọ̀rọ̀ ogun, ọ̀rọ̀ oyè àti ọ̀rọ̀ ìrántí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ Ìgbò ni ẹni tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Kò gbá bọ́ọ̀lù fún Ìbàdàn rí. Àní, òun ló ṣáájú àwọn tí ó já oúnjẹ gbà lẹ́nu Ìbàdàn ní ọdún 1977. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn bọ́ọ̀lù ìlú yìí kò lè fo orúkọ rẹ̀. Christian Chukwu ni. Wọ́n bí i ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1951, ó sì papò dà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 2025, lẹ́ni ọdún 74.

Nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ jáde, mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní ìbéèrè kan lẹ́yìn iṣẹ́: ta ni balógun ikọ̀ Nàìjíríà lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà? Ẹni mẹ́ta ní Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni. Ẹnì kan pe Múdà Láwàl. Ẹnì kan, tí kò ka ọdún rẹ̀ pé, pe Rashidi Yekini. Kò sí ẹni tí ó pe Chukwu. N kò bá wọn wí, nítorí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ohun tí àwọn bàbá wọn sọ fún wọn ni wọ́n ń sọ, ohun tí àwọn bàbá náà sì gbé lọ́wọ́ jù lọ ni góòlù. Agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn kì í sábà gbá góòlù wọlé, nítorí náà ìtàn kì í rí ibi tí yóò ti dì í mú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yà díẹ̀ sí ìdí iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà, balógun, tí àwọn oníròyìn wa mú láti fi pe olórí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Ìbàdàn. Ìlà méjì ni a ń gbà dé orí oyè Olúbàdàn, ìlà Balógun sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà lónìí a máa ronú sí ìkọlù, sí ẹni tí ó ń ṣáájú ogun lọ sí ìlú oníìlú. Ṣùgbọ́n Balógun Ìbíkúnlé, tí gbogbo wa mọ̀ sí akọgun, fi ohun mìíràn sílẹ̀ fún wa tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀: odi ìlú, Odi Ìbíkúnlé. Balógun tí ó mọ ibi tí òun yóò gbà wọ ìlú ọ̀tá gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀tá lè gbà wọ ìlú tirẹ̀. Lójú tèmi, ìgbà tí ẹni tí ó ń gbá ọwọ́ ẹ̀yìn bá jẹ́ balógun ikọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tó pé.

Ogun abẹ́lé parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Rangers sílẹ̀ ní Enugu. Kò yẹ kí a ka èyí bí ẹni pé eré lásán ni wọ́n dá sílẹ̀. Ìlú tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, tí owó ti tán lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, rí ohun kan tí ó lè fi bá àwọn ìlú yòókù dọ́gba láàárín 90 ìṣẹ́jú. Ní tiwa níbí, ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba ni a ní. WNDC ni ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di IICC Shooting Stars, lẹ́yìn náà ni ó wá di 3SC tí àwọn ọmọdé mọ̀ lónìí. Nígbà tí ọdún 1970 fi ń lọ sí ìdajì ẹ̀wádún náà, ẹgbẹ́ méjèèjì yìí ti di ẹkùn méjì nínú igbó kan ṣoṣo. Rangers gba líìgì ní 1974, wọ́n tún gbà á ní 1975. Ìbàdàn gbà á ní 1976. Rangers tún gbà á padà ní 1977. Chukwu ni igi ẹ̀yìn ilé Rangers ní gbogbo àkókò yìí, òun náà sì ni balógun wọn.

Ọdún 1976 ni ọdún tí Ìbàdàn kò jẹ́ gbàgbé. Nínú oṣù Kejì ọdún yẹn ni wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn sí mẹ́ta, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Kí ọdún tó parí, Shooting Stars ti gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife ìlú wọn. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tí ó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ṣáájú wọn. Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá, Roger Milla, tí wọ́n dárúkọ ní ọdún yẹn gan-an gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, sì wà nínú ikọ̀ náà. Shooting Stars fi ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan na Tonnerre nílé. Nígbà tí wọ́n dé Yaoundé, ayò kan péré ni wọ́n jẹ́ kí ó wọlé, ó sì parí sí mẹ́rin sí méjì lápapọ̀. Ẹ bi àgbàlagbà Ìbàdàn kankan nípa ìdíje yìí, mẹ́rin tí a gbá wọlé nílé ni yóò rò fún yín. Ọjọ́ Yaoundé kì í sábà wọ inú ìtàn náà, bẹ́ẹ̀ sì ni bí wọ́n bá jẹ́ kí ayò mẹ́ta wọlé lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ìbá yí padà. Balógun wa lọ́dún náà, Samuel Ojebode, ọwọ́ ẹ̀yìn ni òun náà ń gbá. Ẹ mélòó nínú yín ni ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Wàyí o, ọdún 1977. Nítorí pé Shooting Stars ni ó ni ife lọ́wọ́, wọ́n tún wà nínú ìdíje náà. Rangers wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Ẹ fojú inú wò ó: ọdún méje péré lẹ́yìn ogun, ẹgbẹ́ kan láti Ìwọ̀-oòrùn, ẹgbẹ́ kan láti Ìlà-oòrùn, ẹni tí ó bá borí yóò lọ gbá àṣekágbá Áfíríkà. Wọn kò gbá a ní Ìbàdàn, wọn kò gbá a ní Enugu. Èkó ni wọ́n ti gbá ẹsẹ̀ kìn-ín-ní, Kàdúná ni wọ́n ti gbá èkejì.

Òdo sí òdo ni ó parí sí ní Èkó. Òdo sí òdo náà ni ó parí sí ní Kàdúná.

Ẹ rántí irú ikọ̀ tí Ìbàdàn ní nígbà náà. Ọdẹ́gbàmí ń bẹ ní apá ọ̀tún, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Poli Ìbàdàn tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Láwàl ń bẹ láàárín, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì kí bọ́ọ̀lù tó gbé e dé ibi gíga. Kunle Awesu àti Moses Otolorin wà ní sàkáání wọn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ṣe Tonnerre bí ọṣẹ ṣe ń ṣe ojú. Síbẹ̀, fún odidi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, wọn kò rí ojú àwọ̀n Rangers. Chukwu ni ó tò odi yẹn. Kì í ṣe ẹni tí ń fi agbára lásán gbá ènìyàn ṣubú. Ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn ni ìfarabalẹ̀: ó máa ń ka ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí ó tó dé, ó máa ń pàṣẹ fún àwọn tó yí i ká, nígbà tí ó bá sì gba bọ́ọ̀lù, kì í gbá a sínú ìgbẹ́, ó máa ń gbé e jáde bí ẹni gbé ẹrù olówó iyebíye. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Emmanuel Okala wà, aṣọ́lé gíga bí òpó.

Nígbà tí wọ́n dé orí pẹ́náritì ní Kàdúná (àwọn asọ̀rọ̀-eré wa ní orúkọ dídùn fún un, wòmí-n-gbá-sí-ọ, orúkọ tí ó jẹ́ odidi gbólóhùn), Rangers gbá mẹ́rin wọlé, Ìbàdàn gbá méjì. Rangers kọjá lọ sí àṣekágbá, wọ́n sì lu Canon Yaoundé ní ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan, wọ́n ta ọ̀mì ẹyọ kan sí ẹyọ kan ní Yaoundé, wọ́n gbé ife lọ sí Enugu. Odindi 180 ìṣẹ́jú tí kò sí ayò kankan nínú rẹ̀ ni ó pààlà sáàárín Ìbàdàn àti ife kejì. Ìdí nìyí tí orúkọ Chukwu fi korò lẹ́nu àwọn àgbà kan ní àdúgbò mi ní Bódìjà títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n tún yà díẹ̀, nítorí èyí dùn mọ́ mi. Ernest Okonkwo, asọ̀rọ̀-eré orí rédíò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sọ Chukwu ní «Chairman». Òun náà ló sọ Ọdẹ́gbàmí ní «Mathematical», tí ó sì fún àwọn mìíràn ní orúkọ tiwọn, títí kan Yisa Sofoluwe tí ó gbá ọwọ́ ẹ̀yìn fún Nàìjíríà lẹ́yìn ìgbà Chukwu. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí oríkì ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Oríkì kì í ṣàlàyé ènìyàn, ó máa ń pè é jáde. Nígbà tí rédíò bá ti ní «Chairman», ẹni tí kò rí pápá rárá, tí ó jókòó sí Dùgbẹ̀ tàbí Ẹlẹ́yẹlé, ti mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti dé ọwọ́ ẹni tí yóò fọkàn balẹ̀ lé e. Àwọn ará Ìbàdàn sọ ọ́ di «Ṣíámáànù», wọ́n sì ń lò ó fún ẹni tí kò ṣe é sún kúrò níbi tí ó bá jókòó sí. Bí àwọn alátakò bá ń ki ènìyàn, iṣẹ́ onítọ̀hún ti hàn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1980, Nàìjíríà gba àlejò ìdíje ife ẹ̀yẹ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ipò kẹta ni a ti ṣe ní Ethiopia ní 1976, ipò kẹta kan náà ni a tún ṣe ní Ghana ní 1978. Otto Glória, ọmọ Brazil, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Chukwu ni balógun. Àwọn tí ó sì wà lábẹ́ balógun yìí ni Ọdẹ́gbàmí, Láwàl, Felix Owólabí àti aṣọ́lé Best Ogedegbe, gbogbo wọn ọmọ ilé Shooting Stars. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Ọdẹ́gbàmí lójú ní Kàdúná ni ó wá ń pàṣẹ fún un ní Sùúrùlérè. Láàárín wọn ni Ogedegbe, tí ó ti wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wá dúró lẹ́yìn Chukwu báyìí, tí ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dípò ojú rẹ̀.

Ohun kan wà nípa ìdíje yìí tí àwọn ọmọ Ìbàdàn òde òní kì í mọ̀. Kì í ṣe Èkó nìkan ni wọ́n ti gbá a. Pápá ìṣeré Liberty tí ó wà ní Ring Road, èyí tí wọ́n ṣí ní 1960 tí ó sì di Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2010, ni wọ́n ti gbá gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìsọ̀rí kejì: Algeria, Morocco, Ghana àti Guinea. Ibẹ̀ náà ni Algeria àti Egypt ti pàdé ní ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá, tí wọ́n ta ọ̀mì méjì sí méjì kí Algeria tó fi pẹ́náritì borí. Èyí túmọ̀ sí pé Algeria gbé ní Ìbàdàn fún gbogbo ìdíje náà títí di ọjọ́ àṣekágbá. Àwọn tí ń gbé ní Ring Road, Challenge àti Òkè-Àdó ti wo Belloumi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ojú fi mọ́ wọn, ọ̀pọ̀ sì gbà pé wọn yóò fìyà jẹ Nàìjíríà.

Ní Èkó, Nàìjíríà na Tanzania ní ayò mẹ́ta sí ẹyọ kan, wọ́n ta ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Ivory Coast, wọ́n na Egypt ní ẹyọ kan sí òdo. Okey Isima, tí ó jẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn, ni ó gbá ti Egypt wọlé. Owólabí gbá ẹyọ kan ṣoṣo tí ó lé Morocco lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé sí àwọ̀n Algeria kí wọ́n tó lọ sinmi, Láwàl sì fi ẹ̀kẹta kún un bí wọ́n ṣe padà dé. Mẹ́ta sí òdo. Ẹ wò ó bí ó ṣe rí: ayò mẹ́rin ni Nàìjíríà gbá wọlé ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn, ọmọ Shooting Stars ni ó gbá gbogbo wọn. Abájọ tí Ìbàdàn fi ń pe ife náà ní tiwọn. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, èmi náà ti fi yangàn rí níwájú ọ̀rẹ́ mi kan tí ó wá láti Enugu.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ìhà kejì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún, ayò kan ṣoṣo ni ó wọlé wa, ti Tanzania lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin gbáko ni wọ́n gbá láìjẹ́ kí ẹyọ kan wọlé. Nígbà tí wọ́n sì máa dárúkọ ẹni tí ó dára jù lọ nínú gbogbo ìdíje náà, wọn kò pe Ọdẹ́gbàmí tí ó gbá ayò mẹ́ta wọlé. Chukwu ni wọ́n pè. Òun náà ló gba ife lọ́wọ́ Ààrẹ Shehu Shagari.

Mo ti ronú púpọ̀ nípa ìdí tí ìrántí wa kì í fi dúró ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé apá kan rẹ̀ wà nínú èdè wa fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ka góòlù, ayò, inú eré ọlọ́pọ́n ni a ti yá a. Ẹni tí ó bá mọ ayò ta mọ̀ pé ohun tí a bá jẹ ni a ń kà: ọ̀ta yóò kó ọmọ ayò rẹ̀ jọ síwájú, òpè yóò máa wò ó. Kò sí ẹni tí ń ka èyí tí a kò jẹ́ kí alátakò jẹ. Ọ̀mì pàápàá, tí ó jẹ́ iṣẹ́ ribiribi fún ọwọ́ ẹ̀yìn, ohun tí kò já sí nǹkan ni ó jẹ́ létí wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè bá mi jiyàn lórí èyí. N óò gbọ́.

Ohun tí ó tún burú ni pé bí a bá rántí ọwọ́ ẹ̀yìn, àṣìṣe rẹ̀ ni a ń rántí. Godwin Odiye wà nínú ikọ̀ tí ó gba ife ní 1980, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ fún ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1977 ni yóò kọ́kọ́ sọ, ọjọ́ tí ó fi orí gba bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n ara wa, tí Tunisia fi na wa ní Èkó, tí a kò sì rí ìdíje àgbáyé ti Argentina lọ. Ìṣẹ́jú àáyá kan bo gbogbo ọdún tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Chukwu bọ́ lọ́wọ́ irú èyí nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, kò bọ́. Ó mú Super Eagles ṣe ipò kẹta ní Tunisia ní 2004, wọ́n na Mali ní méjì sí ẹyọ kan láti gbà á. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, Angola wá sí Kánò, Okocha gbá ẹyọ kan wọlé, Angola dá a padà. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Chukwu lẹ́yìn ọjọ́ náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, iye àmì kan náà, 21, ni Nàìjíríà àti Angola ní, Angola sì ni ó lọ sí Jámánì ní 2006, nítorí pé wọ́n ti na wa ní Luanda, wọ́n sì ta ọ̀mì pẹ̀lú wa ní Kánò. Ayò kan tí ó wọlé ní Kánò yẹn ni ó ṣe é.

Ní 2019 ara rẹ̀ kò le mọ́, ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú sì di ohun tí gbogbo ìwé ìròyìn ń gbé. Fẹ́mi Ọtẹ́dọlá, oníṣòwò ọmọ Ẹ̀pẹ́, ni ó fi 50,000 dọ́là sílẹ̀ kí wọ́n lè gbé e lọ sí London. Inú mi dùn sí i pé ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ìtìjú ni fún ìjọba tí Chukwu gba ife fún pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ na ọwọ́. Ó tún lo ọdún mẹ́fà sí i láyé. Láàárín àkókò náà, àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn tiwa ń lọ: Ajíbádé Babaládé, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars àti Nàìjíríà, kú ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, Sofoluwe kú ní Èkó ní oṣù Kejì ọdún 2021. Ọjọ́ díẹ̀ ni a fi sọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Bàbá kan wà tí a jọ ń gé irun lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Agbowó. Ó lọ wo ẹsẹ̀ kìn-ín-ní ti 1977 ní Èkó, kò sì dárí ji Rangers rí. Ní Sátidé tí rédíò kéde ikú Chukwu, ó ní kí onígbàjámọ̀ dúró díẹ̀. Ó wá ń ka àwọn tí wọ́n wà ní ẹ̀yìn lọ́jọ́ àṣekágbá 1980 láti ọ̀tún sí òsì, ó ń fi ìka ọwọ́ rẹ̀ kà wọ́n: Adiele, Bamidele, Chukwu, Isima. Ó fi Ogedegbe ti ilé Shooting Stars ṣe ìkẹyìn, ó sì ní kí wọ́n máa gé irun lọ.